Wọ́n Kẹ̀yìn sí Pẹpẹ

Igba àtẹ̀gùn ó dín ẹyọ kan ni wọ́n ní ó wà láti ìsàlẹ̀ ìlú Whitby dé ṣọ́ọ̀ṣì St Mary lórí òkè. Mo kà á, 196 ni mo rí. Bóyá orúnkún mi ló jẹ mẹ́ta tó kù. Afẹ́fẹ́ òkun Yorkshire fẹ́rẹ̀ẹ́ gba fìlà lórí mi. Àwókù ilé àwọn mọ́ǹkì ìgbàanì dúró lẹ́yìn ibẹ̀ gàgàrà, bí eegun ẹja tí wọ́n ti jẹ ẹran ara rẹ̀ tán.

Nǹkan bí ọdún 1110 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì yìí. Mo ṣí ilẹ̀kùn, mo ń retí ohun tí mo mọ̀ láti kékeré ní Áńgílíkà ilé wa: ọ̀nà tààrà láàárín ìjókòó, kúáyà lọ́tùn-ún lósì, pẹpẹ lókè téńté. Àpótí ni mo bá. Àpótí onípákó kún ilẹ̀, wọ́n ga débi pé ẹni tó bá jókòó á fẹ́rẹ̀ẹ́ sọnù sínú wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ilẹ̀kùn tirẹ̀ bí ìsọ̀ ọjà. Gálérì tún wà lókè wọn. Àjà ilé náà ní fèrèsé tó jọ ti inú ọkọ̀ ojú omi, kò sì yà mí lẹ́nu, ìlú apẹja àti akankọ̀ ni Whitby.

Mo wá pẹpẹ títí, n kò rí i. Àga ìwàásù alájà mẹ́ta ni gbogbo ojú ń wò, wọ́n ti gbé e síbẹ̀ láti 1778. Akọ̀wé ìjọ ló ni àjà ìsàlẹ̀, òun ló ń ṣáájú ìjọ nínú ìdáhùn. Àlùfáà á ka àdúrà ní àjà kejì. Bó bá di ìwàásù, á gun òkè pátápátá, kí àwọn inú àpótí àti àwọn ará gálérì lè gbọ́ ọ. Ẹ̀yìn àga náà ni mo ti rí ọ̀pá ìgbọ́ràn tí wọ́n so mọ́ ọn: ìyàwó àlùfáà kan ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn ló dití, kò sì fẹ́ kí ìwàásù ọkọ rẹ̀ fo òun.

Ilé tí wọ́n tún ṣe fún etí nìyí. Láyé àwọn mọ́ǹkì, ojú ni ìjọ fi ń sìn. Èdè Látìnì kò yé ọ̀pọ̀ wọn. Ohun tí wọ́n ń dúró dè ni ìgbà tí àlùfáà bá gbé àkàrà mímọ́ sókè. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ya ibi mímọ́ sọ́tọ̀, tí wọ́n á gbé àgbélébùú ńlá sókè ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ìwé Àdúrà lédè Gẹ̀ẹ́sì jáde ní 1549. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìjọba pàṣẹ kí wọ́n wó pẹpẹ òkúta, kí tábìlì pákó rọ́pò rẹ̀.

Ta ló wá jókòó síbi àgbélébùú ní Whitby? Ìdílé Cholmley ni, àwọn tí ilẹ̀ àwọn mọ́ǹkì bọ́ sí lọ́wọ́ lẹ́yìn tí ọba ti ilé wọn pa ní 1539. Wọ́n kan ìjókòó tiwọn sórí òpó lílọ́ bí okùn, ó dábùú ẹnu ọ̀nà ibi mímọ́. Wọ́n kọjú sí ìjọ, wọ́n kẹ̀yìn sí pẹpẹ. Mo mọ àwọn bàbá ìjọ tó fẹ́ràn àga iwájú nílé, ṣùgbọ́n ti Cholmley ti kọjá iwájú.

Láyé Ọbabìnrin Victoria, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì kó irú àpótí wọ̀nyí dànù. Ní Leeds, ní Yorkshire yìí kan náà, wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀ṣì tuntun ní 1841, wọ́n sì fi kúáyà aláṣọ funfun sáàárín ìjọ àti pẹpẹ. Àṣà yẹn ló tàn káàkiri títí tó fi dé ọ̀dọ̀ wa. Ohun tí mo rò pé ó ti wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀ kò ju ayé àwọn baba ńlá mi lọ!

Wọ́n kọ ọ́ sára àwọn ilẹ̀kùn kan pé àlejò nìkan ló ni ibẹ̀. Mo wọlé, mo pa ilẹ̀kùn dé, mo jókòó: pákó, àti àjà òkè àga ìwàásù. Mo dìde, mo gba abẹ́ ìjókòó Cholmley kọjá sí ibi mímọ́. Ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Mo dúró níwájú tábìlì náà, mo bojú wẹ̀yìn wo ìjọ, ẹ̀yìn àga olówó ni mo rí.