Hánbíréèkì pikọ́ọ̀pù àtijọ́: wáyà kọ́ ló máa ń jẹ̀bi

Orúkọ Wásinmi fúnra rẹ̀ ń pe awakọ̀ pé kó wá sinmi. Ìlú yìí wà lẹ́bàá Ìkirè, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, níbi tí àwọn ọkọ̀ tó kó kòkó, obì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti ń jáde láti ọ̀nà oko bọ́ sí títì. Ṣùgbọ́n kí ọkọ̀ tó lè sinmi, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lè dúró. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí hánbíréèkì pikọ́ọ̀pù àtijọ́ kan ṣe rí, kó má wulẹ̀ yọjú wo inú ọkọ̀, ìdí táyà ni kó wò. Bó bá rí òkúta ńlá tàbí ìtì igi tí ọmọ ọkọ̀ fi há táyà ẹ̀yìn, ó ti rí ìdáhùn. Wéèjì ni wọ́n ń pe igi náà láti ayé bọlẹ́kájà, títí dòní ló sì ń ṣe iṣẹ́ tí hánbíréèkì ń gba ìyìn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó ni ọ̀rọ̀ yìí, ó sì tún ju ti owó lọ. Ọkọ̀ tó kún fún ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n, irú èyí tí àwọn tó ń din dòdò Ìkirè ń wá, tó wá rọra yọ́ kúrò lójú kan lórí òkè nígbà tí awakọ̀ ń gba owó ẹrù lọ́wọ́, kò sí ẹni tó lè ṣírò ohun tí yóò bà jẹ́. Bí kò bá bá ènìyàn lọ́nà, ọpẹ́ ló yẹ kí onítọ̀hún dá. Ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ tó gba agbègbè yìí kọjá kò sì ṣàjèjì sí jàǹbá. Ní ọdún 1977, nígbà tí agbègbè yìí ṣì wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́, ni ìjọba ìpínlẹ̀ náà dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tirẹ̀ sílẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká tó ń kọ́ni ní Ifẹ̀ nígbà náà sì wà lára àwọn tó léwájú iṣẹ́ náà. Ọdún 1988 ni ìjọba àpapọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá tirẹ̀ sílẹ̀.

Pikọ́ọ̀pù Peugeot 504, Datsun àti Toyota àtijọ́ kò tíì kúrò nílẹ̀. Ilé iṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná, tó bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní ọdún 1975, ló sọ 504 di ọkọ̀ gbogbo ayé ní Nàìjíríà. Ìdí tí àwọn ọlọ́kọ̀ kò fi fẹ́ fi wọ́n sílẹ̀ kò le: ọkọ̀ wọ̀nyí ń gbé ẹrù, wọ́n ń gba ọ̀nà oko, mẹkáníìkì tó wà lábẹ́ igi sì lè tún wọn ṣe láìlo kọ̀ǹpútà. Ọjọ́ orí wọn ni ìṣòro. Ẹ̀yìn wọn, níbi tí ẹrù ń jókòó lé, ni bíréèkì onídúrọ́ọ̀mù wà, òun náà ni hánbíréèkì sì ń dì mú.

Dúrọ́ọ̀mù ni irin ribiti tó ń yí pẹ̀lú táyà. Ṣúù méjì tó tẹ̀ bí oṣù tuntun ló wà nínú rẹ̀, láìnì sì wà lẹ́yìn wọn. Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, ọ́ìlì yóò gba inú páìpù dé sìlíńdà kékeré tó wà láàárín orí ṣúù méjèèjì, yóò sì tì wọ́n síta kí láìnì lè ha mọ́ ara dúrọ́ọ̀mù. Hánbíréèkì kì í lo ọ́ìlì rárá. Wáyà ló ń fa apá irin kan nínú ibẹ̀, apá irin náà ló sì ń ti ṣúù méjèèjì yẹn kan náà síta. Nítorí náà, ohunkóhun tó bá ba ṣúù tàbí dúrọ́ọ̀mù jẹ́ yóò ba hánbíréèkì jẹ́, bí wáyà tilẹ̀ jẹ́ tuntun.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ owó ti ń ṣòfò. Awakọ̀ yóò dé ṣọ́ọ̀bù, yóò ní, “Ọ̀gá, ẹ bá mi fa hánbíréèkì yìí díẹ̀, ó ti ga jù.” Ọ̀gá náà yóò wọ abẹ́ ọkọ̀, yóò mú nọ́ọ̀tì ìdí wáyà le, iṣẹ́ parí láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Inú awakọ̀ dùn, owó kékeré ló san. Ṣùgbọ́n ohun tó mú kí ọwọ́ hánbíréèkì ga ni pé láìnì ti jẹ, ṣúù sì ti jìnnà sí dúrọ́ọ̀mù. Bí wọ́n bá fi wáyà fa ṣúù náà, kò ní lè padà jókòó sí ìdí rẹ̀ mọ́. Nínú ọkọ̀ tí bíréèkì rẹ̀ ń sún ara rẹ̀, ohun tó ń sún un kò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Ṣúù yóò máa ha dúrọ́ọ̀mù bí ọkọ̀ ṣe ń lọ, gbogbo rẹ̀ yóò gbóná, epo yóò máa tán kíákíá, láìnì tó kù yóò sì jẹ tán ṣáájú àkókò.

Ṣúù ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ sún. Wáyà ló kẹ́yìn.

Kí wọ́n tó tú ohunkóhun, ẹsẹ̀ awakọ̀ lè sọ púpọ̀. Bí bíréèkì bá lọ sílẹ̀ jù ní ìtẹ̀ àkọ́kọ́, tó sì gòkè nígbà tí wọ́n tún tẹ̀ ẹ́ kíákíá, ṣúù ti jìnnà. Bó bá ń rọ̀ bíi tìmùtìmù, atẹ́gùn ti wọ páìpù. Bó bá ń rọra wọlẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, ọ́ìlì ń jò, tàbí kó jẹ́ pé rọ́bà inú pọ́ńpù bíréèkì ti jẹ. Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n há táyà iwájú dáadáa, kí wọ́n fi jáàkì gbé ẹ̀yìn, kí wọ́n sì fi nǹkan tó lágbára gbé e ró, nítorí jáàkì nìkan kò ṣeé sùn sábẹ́. Kí ẹnì kan máa fa hánbíréèkì ní kọ́ọ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹnìkejì máa fi ọwọ́ yí táyà. Ó yẹ kí táyà méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í le pọ̀. Bí ọ̀kan bá le tí èkejì ṣì ń yí fàlàlà, wáyà ẹ̀gbẹ́ yẹn ti lè dípẹtà nínú awọ rẹ̀, tàbí kí ṣúù ibẹ̀ ti jẹ ju ti ẹ̀gbẹ́ kejì lọ. Bí wọ́n bá tú hánbíréèkì sílẹ̀ tí táyà kò sì yí, ìpẹtà náà ni kí wọ́n wá, àgàgà bí ọkọ̀ bá ti dúró lójú kan nínú òjò.

Bí dúrọ́ọ̀mù kò bá fẹ́ jáde, kí wọ́n má fi òòlù lù ú fọ́. Ẹnu rẹ̀ ti jẹ kọ́kọ́rọ́ ló ń di ṣúù mú. Kí wọ́n dá ohun tí wọ́n fi ń sún ṣúù padà sẹ́yìn, yóò sì yọ. Bí inú bá tutù, kí wọ́n wò ó dáadáa kí wọ́n tó ra láìnì tuntun. Ọ́ìlì bíréèkì ṣàn bí omi, ó sì ń bó ọ̀dà. Sìlíńdà ló ń jò. Ọ́ìlì ìdí ọkọ̀ ki, òórùn rẹ̀ sì ń ta sí imú. Ọ́ìlì síìlì ló ti bàjẹ́. Ẹni tó bá pààrọ̀ láìnì tó fi síìlì tó ń jò sílẹ̀, yóò tún padà wá san owó kan náà. Láìnì tó ti mu ọ́ìlì, ìfọ̀ pẹ̀lú pẹtiróòlù kò lè gbà á, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni kí wọ́n sì pààrọ̀ pọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọkọ̀ yóò máa fà sí apá kan.

Ìkìlọ̀ kan kù fún àwọn ọmọ iṣẹ́. Eruku inú dúrọ́ọ̀mù kì í ṣe eruku lásán, láìnì àtijọ́ máa ń ní ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì nínú, èyí tó ń fa àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Kí wọ́n má fi ẹnu tàbí atẹ́gùn fẹ́ ẹ, àkísà tútù ni kí wọ́n fi nù ún. Ọ́ìlì bíréèkì náà kò ní arọ́pò. DOT 3 tuntun kì í hó títí yóò fi gbóná dé ìwọ̀n 205 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ṣùgbọ́n bó bá ti fa omi mọ́ra, ó lè hó ní 140. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ní tirẹ̀ á mú kí rọ́bà inú sìlíńdà wú.

Nígbà tí wọ́n bá to gbogbo rẹ̀ padà, kí awakọ̀ gbé ọkọ̀ lọ sórí òkè kékeré lófìfo, kó fa hánbíréèkì, kó sì rọra gbé ẹsẹ̀ kúrò. Kó tún ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹrù bá ti wọ̀ ọ́. Kí ọmọ ọkọ̀ di wéèjì rẹ̀ mú lọ́wọ́ ní ìgbà méjèèjì.