Ẹ Yan Àkókò Àdúrà Kí Wàhálà Tó Dé

Ẹ̀yin ará, àtẹ̀yin tí ẹ ń wò wá nílé, ẹ ṣí Bíbélì yín sí Dáníẹ́lì orí 6, ẹsẹ 10. Ọba Dáríúsì ti fọwọ́ sí òfin: fún ọjọ́ 30, ẹni tó bá tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ẹlòmíràn yàtọ̀ sí ọba, inú ihò kìnnìún ló ń lọ. Kí ni Dáníẹ́lì ṣe? Ó lọ sílé, ó kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, bó ti máa ń ṣe. Kì í ṣe ọjọ́ tí òfin jáde ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ àdúrà o!

Èmi náà, nígbà kan, àfi tí owó ilé bá fẹ́ pé kí n tó kúnlẹ̀. Mo bá san án tán, àdúrà tán.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣẹ́jú 30 bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú àkókò kan, ẹ mú ibì kan, ẹ gbé fóònù sí yàrá kejì. Ìṣẹ́jú 5, ẹ dúpẹ́. Ẹ má tíì tọrọ nǹkan kan. Ìṣẹ́jú 10, ẹ ka orí Bíbélì kan, kí ẹ kọ ohun tó bá yín wí sílẹ̀. Ìṣẹ́jú 10, ẹ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, ẹ gbàdúrà fún ẹlòmíràn, kí ẹ tó kan tiyín. Ìṣẹ́jú 5 tó kù, ẹ dákẹ́. Ẹni tí kò dákẹ́, báwo ló ṣe máa gbọ́ èsì?

Ẹ̀yin ìyá, tí ọmọ kò bá jẹ́ kó ṣeé ṣe láàárọ̀, ẹ mú alẹ́. Iṣẹ́ ìjọba ni Dáníẹ́lì fúnra rẹ̀ ń ṣe. Ẹ bá pa ọjọ́ kan jẹ, ẹ tún bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Kìnnìún kì í kọ lẹ́tà kó tó dé. Ọlọ́run á ràn yín lọ́wọ́, lórúkọ Jésù. Àmín!