Kí ẹ tó ra sólà: ibi tí owó iná yín ń gbà lọ

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa ní Alabar àti káàkiri Kumasi, ọ̀rọ̀ iná ilé la fẹ́ bá yín sọ lónìí, nítorí owó tó yẹ kó ra oúnjẹ adìẹ tàbí ajílẹ̀ ló ń wọ inú mítà lọ.

Iná ti wọ́n gan-an. Ní September 2022, PURC, ìyẹn àjọ tó ń pinnu iye owó iná ní Gánà, fi ìdá 27.15 nínú ọgọ́rùn-ún kún un. Ní February 2023, wọ́n tún fi 29.96 kún un. Ní June ọdún kan náà, 18.36. Nígbà tó di May 2025, 14.75 tún gorí rẹ̀. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n á wo iye tí wọ́n ń ṣẹ́ sídì sí dọ́là, wọ́n á wo owó gáàsì, wọ́n á wo bí ọjà ṣe ń gbówó lórí. Omi Akosombo nìkan kò tó Gánà mọ́. Gáàsì ni wọ́n fi ń ṣe púpọ̀ nínú iná tí à ń lò, dọ́là sì ni wọ́n fi ń díye lé e. Nítorí náà, ẹ má jókòó kí ẹ máa retí iye àtijọ́.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ ń sọ ni pé àwọn á ra sólà. Kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo mítà.

Nínú ilé oníyàrá púpọ̀, irú èyí tó pọ̀ ní Alabar, ìdílé mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá lè máa lo mítà kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀, ìpele ìpele ni owó iná ilé. Ẹni tí kò bá lò ju 30 yúníìtì lọ lóṣù ló ń san iye tó kéré jù, èyí tí wọ́n ṣe fún mẹ̀kúnnù. Láti 301 lọ sókè, yúníìtì kọ̀ọ̀kan wọ́n sí i. Tó bá kọjá 600, ó tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wá wò ó: bí yàrá mẹ́wàá bá ń lo 40 yúníìtì kọ̀ọ̀kan, mítà kò mọ̀ pé ìdílé mẹ́wàá ni. 400 ló rí, ó sì ka gbogbo yín sí olówó kan. Ìyá àgbà tó ń tan gílóòbù kan àti rédíò, tí kò lò tó 20, kò ní rí iye mẹ̀kúnnù náà gbà, nítorí orí mítà gbogboogbò ló wà.

Tí onílé bá gbà, ẹ lọ bá ECG kí ìdílé kọ̀ọ̀kan ní mítà tirẹ̀. Ó ń náni lówó, ó sì ń gba sùúrù, àmọ́ ó tún ń pa ìjà “ta ló lo áyọ́ọ̀nù” tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí owó bá fẹ́ tán nínú mítà. Ọ́fíìsì wọn ni kí ẹ fi ẹsẹ̀ ara yín rìn lọ. Ẹ má fi owó lé ẹni tó ní òun mọ ènìyàn níbẹ̀ lọ́wọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo àwọn ohun èlò yín. Ohun tó ń mú nǹkan gbóná àti ohun tó ń mú nǹkan tutù ló ń jẹ iná jù. Yúníìtì kan ni 1,000 wáàtì fún wákàtí kan. Gílóòbù LED oníwáàtì 9 á tàn ju ọgọ́rùn-ún wákàtí lọ kó tó jẹ yúníìtì kan. Kẹ́tùlù oníwáàtì 2,000 á jẹ ẹ́ tán láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Fíríìsà oníwáàtì 150, tí mọ́tò rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí méjìlá nínú ọjọ́ kan, á jẹ bíi 54 lóṣù. Àlòkù ló sábà máa ń burú jù. Nítorí iná tó ń jẹ, Gánà ṣòfin lọ́dún 2008 pé kí wọ́n má kó àlòkù fíríìjì wọ̀lú mọ́, òfin náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í múlẹ̀ ní 2013. Tí ẹ bá ń ra tuntun, ẹ wo ìràwọ̀ tó wà lára rẹ̀. Bí ìràwọ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni iná tó ń jẹ ṣe kéré tó.

Ẹ̀yin tó ń tọ́ ọmọ adìẹ, ibí yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Gílóòbù agbóná oníwáàtì 250, tó bá tàn tọ̀sán-tòru, yúníìtì 6 ló ń jẹ lójúmọ́. Méjì nínú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta jẹ́ 252. Tó bá jẹ́ mítà ilé lẹ so ó mọ́, gbogbo ilé ló máa bá yín gun ìpele. Sólà kékeré kò sì lè gbé e. Ohun tó ń dín in kù ni pé kí ooru má jáde: ẹ fi pákó yí àwọn ọmọ adìẹ náà ká, ẹ tẹ́ èérún igi gbígbẹ tó nípọn sílẹ̀ (àwọn káfíńtà ní Sokoban kì í wọ́n irú rẹ̀), kí ẹ sì fi àpò bo apá kan òkè. Ẹ lè fi èédú sínú ìkòkò amọ̀ dípò gílóòbù, àmọ́ ẹ fi ihò sílẹ̀ lókè kí afẹ́fẹ́ rẹ̀ lè jáde. Afẹ́fẹ́ èédú kò ní òórùn tó lè ta yín lólobó, ó sì ń pa adìẹ àti ènìyàn. Kí ẹnikẹ́ni má sùn sínú yàrá yẹn. Tí àwọn ọmọ adìẹ bá ṣù jọ, òtútù ń mú wọn. Tí wọ́n bá sá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tí wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, ooru ti pọ̀ jù.

Ó kan sólà wàyí. Ẹ mú bébà. Gílóòbù mẹ́rin oníwáàtì 9 fún wákàtí márùn-ún: 180. Fáànù oníwáàtì 50 fún wákàtí mẹ́jọ: 400. Tẹlifíṣọ̀n oníwáàtì 60 fún wákàtí mẹ́rin: 240. Fóònù mẹ́ta: bíi 45. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 865, kò tó yúníìtì kan lójúmọ́. Ní Kumasi, wákàtí mẹ́rin péré ni kí ẹ fi ṣírò òòrùn tó mú dáadáa, bí ilẹ̀ tilẹ̀ ń mọ́ fún méjìlá. Pánẹ́ẹ̀lì oníwáàtì 300 á fún yín ní 1,200. Tí ẹ bá yọ ohun tó ń ṣòfò nínú wáyà, bátìrì àti ínfátà, á kù bíi 900. Ó tó yín.

Alẹ́ lẹ ń lo púpọ̀ nínú rẹ̀, torí náà bátìrì gbọ́dọ̀ lè gbé e. Bátìrì olómi kò fẹ́ kí á fà á ju ìdajì lọ: ti fólítì 12, 200 Ah, á fún yín ní 1,200. Lítíọ́mù 100 Ah á fún yín ní bíi 1,000. Òun ló wọ́n jù, òun náà ló sì ń pẹ́ jù. Bí ọlọ́jà bá ní pánẹ́ẹ̀lì oníwáàtì 100 kan á gbé fíríìsà, ẹ ní kó ṣe ìṣirò náà lójú yín.

865 lójúmọ́ jẹ́ yúníìtì 26 lóṣù. Lórí mítà tí ènìyàn mẹ́wàá jọ ń lò, ẹ kò ní mọ ìyàtọ̀ rẹ̀. Àmọ́ tí mítà bá jẹ́ tiyín, tí ẹ ń lo 50 tẹ́lẹ̀, á kù 24, ẹ sì ti bọ́ sí iye mẹ̀kúnnù nìyẹn. Ìdí nìyí tá a fi ní kí ẹ kọ́kọ́ bójú tó mítà. Èrè kejì ni alẹ́ dumsor: jẹnẹrétọ̀ kékeré kì í sábà fúnni ju yúníìtì kan lọ lórí lítà bẹntiróòlù kan.

Ẹ̀yin olóko ẹ̀fọ́ tí ẹ ń fi ẹ̀rọ bẹntiróòlù fa omi ní àbàtà, bíi ti Gyinyase, oko ni sólà ti máa kọ́kọ́ san yín, kì í ṣe ilé. Ẹ̀rọ afami olóòrùn kò nílò bátìrì. Ọ̀sán ni kó máa fa omi sínú táńkì tó ga, kí ẹ máa bomi rin ín nírọ̀lẹ́.

Ẹ gba àṣẹ onílé kí ẹ tó gun òrùlé. Ẹ wò ó bóyá òjìji ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kò ní bo pánẹ́ẹ̀lì lọ́sàn-án. Ẹ kọjú rẹ̀ sí gúúsù, kó dà díẹ̀ kí òjò lè fọ̀ ọ́. Ẹ má so ínfátà mọ́ wáyà ECG láìsí ṣéńjófà, torí iná yín lè pa òṣìṣẹ́ tó gun òpó. Nígbà ọyẹ́, ẹ máa fi omi àti aṣọ rírọ̀ nù ún lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, láàárọ̀ kùtù kó tó gbóná. Láti June sí September tí ìkùukùu bá bò, ẹ pa fáànù tàbí tẹlifíṣọ̀n kí bátìrì má bàa gbẹ tán.