Ẹyẹ Ara Jẹ́sì Liverpool

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé wa! Gbogbo ọjọ́ eré ìdárayá ni mo ń rí i yín nínú jẹ́sì pupa Liverpool. Mo bi àwọn mẹ́ta pé ẹyẹ wo ló wà láyà wọn yẹn. Ọ̀kan ní àṣá ni, èkejì ní idì ni, ẹ̀kẹta ní kí n jẹ́ kí òun jẹun. Ó dáa, ẹ gbọ́.

Ẹyẹ yẹn ò sí nínú igbó kankan. Liver Bird ni wọ́n ń pè é, àmì ìlú Liverpool ni. Létí odò Mersey, ilé gíga kan wà tó ń jẹ́ Royal Liver Building, tí wọ́n ṣí ní 1911. Ẹyẹ bàbà méjì ló wà lórí rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ga ju mítà 5 lọ. Àwọn ará ìlú ní abo ló kọjú sódò, tó ń wọ̀nà fáwọn atukọ̀ kí wọ́n dé láyọ̀. Akọ kọjú sílùú, ó ń ṣọ́ àwọn ará ilé. (Àwọn aláwàdà ní ilé ọtí ló ń wò, bóyá wọ́n ti ṣí i.) Wọ́n tún ní bí ẹyẹ méjèèjì bá fò lọ, ìlú parí nìyẹn.

Carl Bernard Bartels, ọmọ Jámánì, ló ya àwòrán wọn. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tì í mọ́lé nítorí ibi tí wọ́n ti bí i. Ẹni tó fún ìlú ní olùṣọ́ ni wọ́n kà sí ọ̀tá!

Bàbá àgbà mi wọ ọkọ̀ Aureol láti Èkó lọ kàwé níbẹ̀ láyé ijọ́un. Wọ́n ní ẹyẹ méjì yẹn làwọn kọ́kọ́ rí, inú àwọn sì dùn.

Ṣùgbọ́n ṣáájú 1807, tí òfin Gẹ̀ẹ́sì fòpin sí òwò ẹrú, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Liverpool ló ń wá sí etíkun Áfíríkà wá kó èèyàn. Ìgbìmọ̀ ìlú náà tọrọ àforíjì ní 1999. Ní 2007 wọ́n ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé òwò ẹrú ní Albert Dock.

Àwọn atukọ̀ ní ẹyẹ tó ń retí wọn. Àwọn tí wọ́n kó lọ ńkọ́, ta ló ń wọ̀nà fún wọn?

Mi ò ní kẹ́ ẹ bọ́ jẹ́sì yín o; èmi náà, Liverpool ni mò ń ṣe. Ẹ ṣáà mọ ohun tó wà láyà yín.