Alùpùpù Tó Ń Fi Epo Mu Ọ́ìlì

Lójú ọ̀nà tó ti Òṣogbo wá sí Ìkìrun, tó gba Ìnísà kọjá lọ sí Òkukù, alùpùpù Bajaj ló gbòde báyìí. Four-stroke ni. Ọ́ìlì rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnì, pẹtiróòlù rẹ̀ wà nínú táǹkì, àwọn méjèèjì kì í pàdé. Ṣùgbọ́n ẹ yà kúrò lójú ọ̀dà, kí ẹ forí lé ọ̀nà oko níhà odò Ọ̀tìn, ẹ ṣì lè gbọ́ ohùn mìíràn láàárín ọ̀pẹ: ohùn tó ń han gooro, tí èéfín ń tọ̀ lẹ́yìn. Yamaha DT àti Suzuki TS àtijọ́ nìyẹn, àwọn tí mọ́gáàdì wọn ga, tí táyà wọn ní eyín, tí wọ́n dìídì ṣe fún ọ̀nà ẹrẹ̀ àti òkúta. Two-stroke ni wọ́n, bí i Suzuki AX100 tí àwọn ọlọ́kadà fi jẹun fún ọdún pípẹ́. Ẹni tó bá ra ọ̀kan lónìí, tó ń tọ́jú rẹ̀ bí ẹni ń tọ́jú Bajaj, yóò pa á, yóò sì máa sọ pé máṣíìnì àtijọ́ ò dáa.

Ẹ jẹ́ ká wo inú rẹ̀. Nínú four-stroke, písítìn á gòkè, á sọ̀, á tún gòkè, á tún sọ̀, kí epo tó jó lẹ́ẹ̀kan. Nínú two-stroke, gbogbo ìgbà tí písítìn bá ti dé òkè ni púlọ́ọ̀gì ń ṣáná. Bí ẹ́ńjìnì bá ń yí nígbà 6,000 ní ìṣẹ́jú kan, ìgbà 100 ni epo ń jó nínú rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ ti wá, tí ẹ́ńjìnì kékeré fi ń gun òkè tòun ti àpò kòkó lẹ́yìn. Kò ní fáàfù lórí. Ihò ni wọ́n gbẹ́ sára sìlíńdà, písítìn fúnra rẹ̀ ló ń bò wọ́n, tó sì ń ṣí wọn.

Ta ló wá ń ti afẹ́fẹ́ àti epo wọ inú sìlíńdà? Ilé kíráǹkì tó wà nísàlẹ̀ ni. Joseph Day, ará ìlú Bath ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló gba ìwé àṣẹ lórí ọgbọ́n yìí ní 1891. Bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ ni ilé náà ń ṣiṣẹ́: bí písítìn bá gòkè, ó ń fa epo àti afẹ́fẹ́ láti inú kabúrétọ̀ sí abẹ́, bó bá sọ̀, ó ń fún wọn gba ihò ẹ̀gbẹ́ lọ sókè, níbi tí wọn yóò ti lé èéfín ìṣáájú jáde.

Nítorí pé ojú ọ̀nà epo ni ilé kíráǹkì, ọ́ìlì kan ò lè dúró síbẹ̀. Ọ́ìlì tó máa dé ara bíárìn àti ara písítìn gbọ́dọ̀ bá pẹtiróòlù wọlé, kó sì bá a jóná. Èyí ló fà á tí a fi ń po ọ́ìlì mọ́ epo. Ní 1964, Yamaha gbé ẹ̀rọ kékeré kan jáde tó ń fa ọ́ìlì láti inú táǹkì tirẹ̀, tó ń wọ̀n ọ́n bí a bá ṣe ń fún ẹ́ńjìnì níná tó. Autolube ni wọ́n pè é. Suzuki náà ní tiwọn. Ṣùgbọ́n lára alùpùpù tó ti dàgbà, ó ṣeé ṣe kí mẹkáníìkì kan ti yọ ọ́ dànù kí ó tó dọ́wọ́ yín. Ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ní kí ẹni tó bá rà á wádìí nìyẹn. Bí wọ́n bá ti yọ ọ́, tí ẹ ò sì po epo, ẹ́ńjìnì náà ò ní pẹ́ nọ́ọ̀kì.

Ìwọ̀n tí mo fara mọ́ fún ẹ́ńjìnì àtijọ́ tí kò ní ẹ̀rọ náà mọ́ ni ọ́ìlì kan sí epo 25, ìyẹn mililítà 40 sínú lítà kan, tàbí 160 sínú lítà mẹ́rin. Fídà ọmọdé tó ní àmì lára dáa fún wíwọ̀n. Kó má ṣáà padà sọ́dọ̀ ọmọ mọ́. Inú kẹ́ẹ̀gì ni kí ẹ ti pò ó, kí ẹ mì í dáadáa, kó tó wọ táǹkì. Ọ́ìlì tí wọ́n kọ 2T sí lára ni kí ẹ lò. Ọ́ìlì four-stroke ní èròjà tí kì í jóná tán. Eérú rẹ̀ ló ń dí ẹnu púlọ́ọ̀gì. Ẹ má sì rò pé bí ọ́ìlì bá pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ ni ààbò pọ̀ sí i: àyè pẹtiróòlù ni ọ́ìlì àpọ̀jù ń gbà, iná á mú ju bó ti yẹ lọ.

Ọ̀rọ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tún wà níbẹ̀. Bí ẹ bá ń bọ̀ láti òkè níhà Ìrágbìjí, tí ẹ fi jíà dá alùpùpù dúró, tí ẹ sì pa ọwọ́ iná pátápátá, ẹ́ńjìnì ń yí kíákíá ṣùgbọ́n epo ò wọlé. Níbi tí epo ò bá sì ti wọlé, ọ́ìlì ò wọlé. Ẹ fa kílọ́ọ̀ṣì, tàbí kí ẹ máa fún un níná díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ti ń sọ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí jù ni síìlì, nítorí òun ló ń tan ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì jẹ. Síìlì méjì ló wà létí kíráǹkì, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ìlì, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kílọ́ọ̀ṣì. Rọ́bà ni wọ́n, ọjọ́ orí sì máa ń mú rọ́bà gan. Bí ti ẹ̀gbẹ́ kọ́ìlì bá jò, afẹ́fẹ́ tí kò gba kabúrétọ̀ á máa wọlé, epo á wá kéré sí afẹ́fẹ́. Ẹ ó rí i pé ẹ ti dá ọwọ́ iná padà, ẹ́ńjìnì sì ń ké lọ bí ẹni pé ẹ ò dá a padà. Púlọ́ọ̀gì á funfun dípò kó pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Mẹkáníìkì á máa tún kabúrétọ̀ ṣe títí, ooru á sì ti yọ́ orí písítìn. Bó bá jẹ́ ti ẹ̀gbẹ́ kílọ́ọ̀ṣì ló jò, ọ́ìlì jíà ni ẹ́ńjìnì á máa fà mu: èéfín á funfun, á nípọn, púlọ́ọ̀gì á tutù, ọ́ìlì jíà á máa dín kù láìsí ẹ̀kán kan nílẹ̀.

A lè yẹ̀ ẹ́ wò láì tú ẹ́ńjìnì. Ẹ fi rọ́bà tyúùbù dí ẹnu ibi tí kabúrétọ̀ ń dúró àti ẹnu ibi tí sáílẹ́ńsà ń wọ̀. Ẹ gba ihò púlọ́ọ̀gì fún un ní afẹ́fẹ́ díẹ̀, kó má kọjá 6 psi. Kí ẹ wá fi omi ọṣẹ pa ìdí sìlíńdà, kí ẹ ṣí ìdérí kọ́ìlì, kí ẹ pa ibẹ̀ náà. Ibi tí ọṣẹ bá ti ń hó ni jíjò wà. Iṣẹ́ yìí ò ná èèyàn ju ọṣẹ àti sùúrù, ó sì lè gba písítìn là.

Fílítà afẹ́fẹ́ náà ṣe pàtàkì ju ti Bajaj lọ. Eruku ilẹ̀ pupa tó bá gba ibẹ̀ wọlé nígbà ọyẹ́, inú ilé kíráǹkì ló ń kọ́kọ́ balẹ̀ sí, lára bíárìn gan-an, kó tó dé ọ̀dọ̀ rìǹgì. Ẹ fi omi ọṣẹ fọ fóòmù rẹ̀, kó gbẹ, kí ẹ rẹ ẹ́ sínú ọ́ìlì, kí ẹ fún un. Fóòmù gbígbẹ ò mú eruku.

Àwọn ọ̀dọ́ kan máa ń gé sáílẹ́ńsà kó lè pariwo. Ó dùn mí, torí ara ẹ́ńjìnì ni sáílẹ́ńsà two-stroke. Bí ikùn rẹ̀ ṣe fẹ̀ tí ìdí rẹ̀ sì fún, ó ń jẹ́ kí ìró èéfín padà wá ti epo tútù tó fẹ́ sá jáde wọ inú sìlíńdà. Walter Kaaden, ẹnjiníà ilé-iṣẹ́ alùpùpù MZ ní Ìlà-Oòrùn Jámánì, ló sọ ọgbọ́n yìí di ohun ìjà nínú ìdíje. Ní 1961, Ernst Degner tó ń gun alùpùpù wọn sá kúrò lọ́dọ̀ wọn, ó kó ìmọ̀ náà lọ bá Suzuki. Ní 1962, òun àti Suzuki gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ti 50cc. Ẹni tó bá gé sáílẹ́ńsà, agbára ló gé. Bó bá dí ni kí ẹ yọ ohun inú rẹ̀, kí ẹ sun ún níná, kí ẹ gbọn dúdú ara rẹ̀ dànù.

Bó bá wá tó àkókò ribọ́ọ̀, ẹ kọ́kọ́ ra písítìn, kí ẹ sì gbé e fún ẹni tó máa bọ́ọ̀ kó fi wọ̀n ọ́n. 0.25, 0.50, 0.75 àti 1.00 milimítà ni wọ́n sábà máa ń fi tóbi sí i. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fo 0.25 lọ sí 1.00 láìnídìí: ẹ̀ẹ̀kan tí wọ́n bá ti dé orí èyí tó tóbi jù, sìlíńdà mìíràn ló kù, ó sì lè di ọjà ẹ̀yà ara alùpùpù ní Nnewi kí ẹ tó rí i. Ọfà tó wà lórí písítìn gbọ́dọ̀ kọjú síbi sáílẹ́ńsà, kí ẹnu rìǹgì má bàa há sínú ihò. Ní táǹkì méjì àkọ́kọ́, ẹ má fún un níná tán, ẹ má sì fi gbé àpò kòkó gun òkè.