Ẹ fẹ́ ra receiver Sony STR-DH590? Ẹ gbọ́ ohun tí àwọn tó ti rà á ń sọ, kẹ́ ẹ sì wo ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa

Tẹlifíṣọ̀n òde òní, àwòrán rẹ̀ mọ́ kedere bíi dígí, àmọ́ tó bá dọ̀rọ̀ ohùn, ńṣe ló dà bíi pé èèyàn ń sọ̀rọ̀ látinú agolo. Bí wọ́n ṣe ń mú un fẹ́lẹ́ sí i, bẹ́ẹ̀ ni àyè tí sípíkà máa gbé ń dín kù, sípíkà tí kò bá sì ráyè ò lè ti afẹ́fẹ́ tó pọ̀, béèsì ò ní jáde. Wọ́n á da odindi ilé wó nínú fíìmù, ẹ ò ní gbọ́ ju "tì" lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi ń wá receiver tí kò ní gbé gbogbo owó oṣù lọ. Orúkọ kan tó sì máa ń jáde lemọ́lemọ́ ni Sony STR-DH590.

Mo ti ka ọ̀pọ̀ nínú ohun tí àwọn tó ní in ń sọ. Púpọ̀ nínú wọn ń yìn ín. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó fowó sílẹ̀, ẹ fi èyí sọ́kàn: ẹni tó ń yìn ín yẹn, pálọ̀ tiẹ̀ ló ń sọ. Iná ilé tiẹ̀, sípíkà tiẹ̀, àti ohun tó ń lò tẹ́lẹ̀ ló fi ṣèdájọ́. Ohun tó dùn lójú ẹni tó ń gbé ní Amẹ́ríkà lè di èéfín lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé ní Ìkẹjà. Mi ò ṣàwàdà, mo ń bọ̀ lórí ìyẹn.

Kí n kọ́kọ́ là á fún ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí bá ṣàjèjì sí. Receiver yàtọ̀ sí home theatre tí wọ́n ń tà pọ̀ nínú páálí kan, èyí tó ní ẹ̀rọ DVD, sípíkà márùn-ún àti subwoofer. Receiver ni àpótí tó wà láàárín gbogbo wọn. Dikódà, PlayStation, fóònù, gbogbo wọn á já sínú rẹ̀. Òun á mú èyí tẹ́ ẹ bá yàn, á pín ohùn rẹ̀ sí ọ̀nà tó yẹ, á fún un lágbára, á wá rán an sí àwọn sípíkà. Sípíkà kankan ò sí nínú páálí rẹ̀ o! Ẹ máa ra tiyín lọ́tọ̀ ni. Àwọn kan ò mọ̀ títí wọ́n fi ṣí páálí tán.

Ọdún 2018 ni Sony gbé èyí jáde, kò sì tó 300 dọ́là ní Amẹ́ríkà nígbà yẹn. 5.2 ni wọ́n ń pè é, ìyẹn sípíkà márùn-ún àti ojú ihò méjì fún subwoofer. Ó ní HDMI mẹ́rin tó ń wọlé, ọ̀kan tó ń jáde lọ sí tẹlifíṣọ̀n. Ó gba àwòrán 4K kọjá, títí kan HDR àti Dolby Vision. Bluetooth wà, FM wà. Wi-Fi ò sí. Dolby Atmos, èyí tó máa ń mú kí òjò dà bíi pé orí àjà ló ti ń rọ̀, kò sí níbẹ̀ náà.

Kí wá ni wọ́n ń yìn? Àkọ́kọ́ ni pé kò nira láti tò. Gbohùngbohùn kékeré kan wà nínú páálí rẹ̀. Ẹ máa gbé e síbi tẹ́ ẹ máa ń jókòó sí, receiver á pariwo díẹ̀ látinú sípíkà kọ̀ọ̀kan, á fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ, á wá tún ìwọ̀n ohùn ṣe fúnra rẹ̀. Kó tó ìṣẹ́jú díẹ̀, ó ti parí. Ẹnì kejì lè bá a ní Bluetooth láti orí fóònù, orin ti bẹ̀rẹ̀. Kò ga, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 13 péré, ó máa wọ abẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Èyí tí wọ́n sì ń tẹnu mọ́ jù ni pé ìyàtọ̀ ohùn rẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Ìyàtọ̀ sí kí ni? Ibẹ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ ti dúró díẹ̀. Ẹni tó jẹ́ pé ohùn agolo tẹlifíṣọ̀n ló ń gbọ́ tẹ́lẹ̀, receiver èyíkéyìí ló máa dà bí idán lójú rẹ̀. Ẹni tó sì ti ní ámpù ńlá àtijọ́ tó wúwo bíi àpò sìmẹ́ǹtì, ó máa sọ pé èyí ò lágbára. Àwọn méjèèjì ò parọ́. Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá rí ẹni tó yìn ín tàbí tó bú u, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ó sọ ohun tó ń lò tẹ́lẹ̀. Tí kò bá sọ ọ́, ẹ máa rọra gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá dé ibi tí àríyànjiyàn pọ̀ sí jù: wáàtì. Sony kọ ọ́ pé wáàtì 145 ni fún sípíkà kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó rà á fi 145 lọ́nà márùn-ún, wọ́n ní 725, inú wọn dùn. Ẹ tún un kà. Nínú ìlà wẹ́wẹ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n ṣàlàyé pé 6 ohm ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n, lórí ohùn kan ṣoṣo tó wà ní 1 kHz, wọ́n gbà kí ohùn náà bàjẹ́ dé ìwọ̀n 0.9%, sípíkà kan ṣoṣo ló sì ń ṣiṣẹ́ nígbà yẹn. Ó dà bíi kéèyàn ní ọ̀kadà òun lè sá eré burúkú, àmọ́ ẹnì kan péré ló gbé, ọ̀nà tẹ́jú, kò sí ẹrù lẹ́yìn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin fẹ́ fi gbé èèyàn márùn-ún gun òkè Mókọlá.

Nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n pẹ̀lú sípíkà méjì, láti ohùn tó nípọn jù dé èyí tó tín-ín-rín jù tí etí lè gbọ́, ìyẹn 20 Hz sí 20 kHz, tí ìbàjẹ́ ohùn ò sì ju 0.09% lọ, wáàtì 90 ló kù. Ẹ wá gbé Yamaha RX-V385 sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, torí ojú ọjà kan náà ni wọ́n jọ wà. Wáàtì 70 ni Yamaha kọ sára tiẹ̀. Èèyàn á rò pé Sony fi ìlọ́po méjì lù ú. Àmọ́ 8 ohm ni Yamaha fi wọn tiẹ̀, pẹ̀lú sípíkà méjì, láti 20 Hz sí 20 kHz. Tẹ́ ẹ bá yí wáàtì 90 ti Sony kúrò ní 6 ohm sí 8 ohm, ó máa já sí nǹkan bíi 67. Ṣé ẹ rí i báyìí? 145 àti 70 tó wà lára páálí, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Ohun tó tiẹ̀ ń yà mí lẹ́nu ni pé wáàtì yẹn kọ́ ló ń pinnu bí ohùn ṣe máa ròkè tó nínú pálọ̀ kékeré. Sípíkà tí wọ́n kọ 88 dB sí lára, wáàtì kan péré ló nílò láti fún yín ní 88 dB téèyàn bá wà ní mítà kan sí i. Ìyẹn ti tó láti jẹ́ kí lánlọ́ọ̀dù wá kan ilẹ̀kùn. Tẹ́ ẹ bá sọ wáàtì di ìlọ́po méjì, 3 dB péré lẹ máa rí lórí rẹ̀, etí ò fẹ́ẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n. Sípíkà tó dáa máa ṣe yín láǹfààní ju wáàtì orí páálí lọ, orí rẹ̀ ló yẹ kí owó tó pọ̀ lọ.

Ẹ̀dùn ọkàn àwọn kan ni ibi tí wáàyà ń wọ̀. Ti sípíkà méjì iwájú nìkan ló jẹ́ oníyíyí tó dúró gírígírí. Ti àárín àti ti ẹ̀yìn, èyí téèyàn ń tẹ̀ kí wáyà wọlé ni, wáyà tó nípọn kì í fẹ́ wọ̀ ọ́. Ẹ lè rò pé nǹkan kékeré nìyẹn. Tí okùn kan péré bá yọ lára wáyà, tó lọ kan ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, receiver á gbé ìkìlọ̀ jáde, á sì dá ohùn dúró láti dáàbò bo ara rẹ̀. Àwọn tó ń sọ pé tiwọn bàjẹ́ lọ́jọ́ kejì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ wáyà lásán ni. Ẹ pa á, ẹ yọ gbogbo wáyà, ẹ lọ́ ẹnu wọn pọ̀ dáadáa, kẹ́ ẹ tún wọn fi sí i.

Ti subwoofer ló máa ń dun àwọn tó ti ní home theatre àtijọ́ nílé. Wọ́n á ní, "Mo ti ní sípíkà, receiver nìkan ló kù." Kò rí bẹ́ẹ̀. Ihò subwoofer méjì tó wà lẹ́yìn STR-DH590, ohùn nìkan ló ń jáde níbẹ̀, agbára ò bá a wá. Subwoofer tó ní ámpù tiẹ̀ nínú, tó ń wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì iná fúnra rẹ̀, ni ẹ gbọ́dọ̀ lò. Èyí tó bá home theatre àtijọ́ wá sábà máa ń jẹ́ èyí tí kò ní ámpù, kò sì ní dún. Àwọn sípíkà wẹ́wẹ́ yẹn ńkọ́? Ẹ wo ẹ̀yìn wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ 3 ohm tàbí 4 ohm, bẹ́ẹ̀ 6 ohm sókè ni Sony ní ká fi sí èyí. Tí nọ́ńbà yẹn bá kéré ju bó ṣe yẹ lọ, receiver á máa tú iná jáde ju agbára rẹ̀ lọ, á gbóná, ó sì lè jóná.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ èéfín. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìbàdàn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní Houston ló bá a ra receiver kan, ti ilé iṣẹ́ mìíràn ni, n ò ní dárúkọ rẹ̀ torí ẹ̀bi wọn kọ́. Ẹ̀gbọ́n ti ka gbogbo ohun tí àwọn tó rà á sọ, ìràwọ̀ márùn-ún lórí ìràwọ̀ márùn-ún. Ó fi ránṣẹ́. Ọ̀rẹ́ mi wá adapter sí ẹnu púlọ́ọ̀gì rẹ̀, ó ti ì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, iná sì wà lọ́jọ́ náà, iná tó le dáadáa. Ó dún "pàù", òórùn gba gbogbo pálọ̀. Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá, ó ti jóná o."

"Ó ti jóná kẹ̀? Ṣebí òní lo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á!"

Fóòtì 120 ni wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà. Tiwa níbí, 230 ni. Adapter tó ń yí ẹnu púlọ́ọ̀gì padà ò yí fóòtì padà rárá. Kò sì sí ẹnì kankan nínú àwọn tó fún un ní ìràwọ̀ márùn-ún tó máa rántí sọ ọ́ fún yín, torí wàhálà yẹn ò sí nílé tiwọn. STR-DH590 tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà, fóòtì 120 ni. Èyí tí wọ́n tà ní ìlú Ọba àti Yúróòpù, 230 ni. Orúkọ kan náà, ojú kan náà. Ẹ̀yìn rẹ̀, nítòsí ibi tí wáyà iná ti jáde, lẹ máa ti rí i kà. Tó bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n yín tó wà ní Peckham ló fẹ́ fi ránṣẹ́, ọkàn yín lè balẹ̀ díẹ̀. Tó bá jẹ́ láti Houston tàbí Maryland, tàbí tó bá jẹ́ tòkunbọ̀ lẹ rí ní Alábà, ẹ yí i padà kẹ́ ẹ kà á kẹ́ ẹ tó sanwó. Tó bá ti jẹ́ 120, ẹ máa nílò step-down, èyí tó lè gbé wáàtì 500 ó kéré tán, kì í ṣe kékeré tí wọ́n fi ń lo ẹ̀rọ ìgẹrun. Kẹ́ ẹ sì fi owó yẹn kún iye tẹ́ ẹ pè é. Nígbà míì, ó máa wá hàn pé èyí tí wọ́n ní ó pọ́n jù yẹn gan-an ló wọ́n jù.

Ẹni tó ní PS5, ẹ gbọ́ o: HDMI rẹ̀ ò gba 4K ní 120. Ẹ so PS5 mọ́ tẹlifíṣọ̀n tààrà, kí ohùn máa bọ̀ láti tẹlifíṣọ̀n gba ARC. Tí ohùn ò bá jáde, kò tíì bàjẹ́. Ihò HDMI tí wọ́n kọ ARC sí lára tẹlifíṣọ̀n ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ sì tan ètò ìdarí HDMI nínú àwọn méjèèjì.

Ooru náà tún wà níbẹ̀. Ẹ má gbé dikódà lé e lórí. Ihò tó wà lórí rẹ̀ ni ooru ń gbà jáde, pálọ̀ tiwa nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ tí fáànù dúró kì í ṣe pálọ̀ Toronto. Tó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ kékeré lẹ ń lò, tí iná rẹ̀ ń lọ sókè sódò, ẹ fi stabiliser sí i.

Tí èyí tẹ́ ẹ fẹ́ rà bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ mú sípíkà kan dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ ní kí wọ́n fi sí ojú ihò márààrún lọ́kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ gbọ́ ọ. Ẹ dán HDMI mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò, torí ìyẹn ló máa ń kọ́kọ́ kú, àtúnṣe rẹ̀ ò sì rọrùn. Ẹ béèrè rìmóòtù àti gbohùngbohùn kékeré yẹn. Tí ọlọ́jà bá ní kò sí iná láti fi dán an wò, ẹ sọ fún un pé ẹ máa padà wá nígbà tí iná bá dé.

Ẹni tó bá ti ní STR-DH590 nílé, ẹ kọ ránṣẹ́ sí mi bó ṣe ń ṣe sí yín, kẹ́ ẹ sì bá mi kọ fóòtì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ àti irú sípíkà tẹ́ ẹ fi sí i.