Àga Tí Ojú Ń Wò Kọjá

Ẹ̀yin òǹwòran wa, ẹ kú ìjókòó o. Mo mọ̀ pé ìkíni yìí ti di ohun tí à ń sọ láìronú sí i, ṣùgbọ́n mo mọ̀ọ́mọ̀ lò ó lónìí ni, nítorí pé ohun tí a jókòó lé gan-an ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Bí ó jẹ́ àpótí ni ẹ jókòó lé, ẹ kú ìjókòó. Bí ó jẹ́ àga kúṣìn ni, tàbí bẹ́ǹṣì, tàbí tìmùtìmù aláwọ irú èyí tí àwọn oníṣọ̀nà Ọ̀yọ́ ń ṣe, tàbí ẹní lásán, ẹ kú ìjókòó náà ni. Ìkíni wa kò ya ìjókòó kan sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n àga kan ti wọ ìlú tí ó mú mi tún ọ̀rọ̀ yìí rò: àga ike tí ó mọ́ gaara, tí ènìyàn ń wò tí ó sì ń rí ògiri tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Àga yìí kì í ṣe ohun ilé olówó nìkan mọ́. Bí ẹ bá gun Òkè Mápó ní ọjọ́ Sátidé tí ìgbéyàwó bá wà nínú gbọ̀ngàn ńlá ibẹ̀, èyí tí òyìnbó ẹnjiníà nì, Robert Jones tí wọ́n ń pè ní Taffy, kọ́, tí wọ́n sì ṣí ní ọdún 1929, ẹ óò bá àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n ń já àga sílẹ̀ láti inú ọkọ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré, àga onírin tí a ń pa pọ̀ ni wọ́n ń já. Lẹ́yìn náà ni àga ike funfun gba ipò rẹ̀. Ní báyìí, wọ́n á to àga ike funfun fún èrò, wọ́n á sì to díẹ̀ nínú àga tí ó mọ́ gaara síwájú fún ọkọ àti ìyàwó àti àwọn òbí wọn. Ohun tí a bá sì rí lóde ìnáwó kì í pẹ́ wọ inú ilé.

Ìdí tí àwọn tí ń tà á fi ń yìn ín fún ilé ìgbàlódé kò ṣòro láti mọ̀. Ilé wa ní Mápó, ní Bẹẹrẹ, ní Ọjà'ba àti ní Bẹ́yẹrúnká fara ti ara wọn, pálọ̀ inú wọn kì í sì í sáàbà tóbi. Bí a bá gbé àga kúṣìn mẹ́rin sínú irú pálọ̀ bẹ́ẹ̀, ó di kí àlejò máa fi ẹ̀gbẹ́ rìn. Àga tí ó mọ́ gaara kò dín àyè tí ó gbà kù o. Ẹsẹ̀ mẹ́rin rẹ̀ wà nílẹ̀ bíi ti èyíkéyìí. Ojú ni kò dá dúró. Ojú á kọjá lára rẹ̀ lọ sí ara ògiri, ọkàn á sì rò pé àyè ṣì wà.

Èmi náà ra méjì. Kò pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, wá kí wa láti agbo ilé wa ní ẹ̀bá Mápó. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Ẹ káàbọ̀ mà. Ẹ jókòó mà." Ìyá dúró. Wọ́n wo iwájú, wọ́n wo ẹ̀yìn, wọ́n ní, "Lé orí kí ni?" Mo nawọ́ sí àga. Wọ́n fọwọ́ tọ́ ọ wò bí ẹni tí ń wá ilẹ̀kùn nínú òkùnkùn, wọ́n sì fà sẹ́yìn.

"Díńgí lo fẹ́ kí n jókòó lé? Ṣé kí ó fọ́ mọ́ mi nídìí ni?"

"Kì í ṣe díńgí mà. Ike ni."

"Bí ó bá jẹ́ ike, kí ló dé tí mo fi ń rí ilẹ̀ lábẹ́ rẹ̀? Bí mo bá sì jókòó, kí ni ẹni tí ó wà lẹ́yìn mi yóò máa wò?"

Mo jẹ́ olùkọ́ èdè, mo sì gboyè ọ̀mọ̀wé, ṣùgbọ́n n kò rí ọ̀kan dáhùn dáadáa nínú ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́jọ́ náà. Ohun tí mo ti wádìí láti ìgbà náà ni mo fẹ́ gbé ka iwájú yín.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí iṣẹ́ mi wà, èyíinì ni orúkọ. Ìyá pè é ní díńgí. Nígbà tí mo bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi léèrè, àga díńgí ni ọ̀pọ̀ nínú wọn náà pè é. Kò yà mí lẹ́nu. Èdè a máa sọ ohun tuntun ní orúkọ ohun àtijọ́ tí ó jọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni a ṣe ń pe ike ní rọ́bà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé oje igi ni rọ́bà tòótọ́, tí ọ̀pọ̀ ike sì ti ara epo rọ̀bì wá. Irú àṣìpè bẹ́ẹ̀ kì í sáàbà pa ẹnikẹ́ni lára. Ṣùgbọ́n ti àga yìí yàtọ̀, nítorí pé ẹni tí ó bá pè é ní díńgí yóò tọ́jú rẹ̀ bíi díńgí, yóò sì bà á jẹ́. Ní tèmi, àga amọ́gaara ni mo ń pè é, láti ara "mọ́ gaara" tí a fi ń ṣàpèjúwe omi tí a rí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Oríṣìí ike méjì ni wọ́n sáàbà fi ń ṣe èyí tí ó dára nínú rẹ̀. Ọ̀kan ni acrylic, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Perspex tàbí Plexiglas. Láti bí ọdún 1933 ni ó ti dé ọjà, òun ni wọ́n sì fi ṣe fèrèsé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òfuurufú nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Èkejì ni polycarbonate. Hermann Schnell ní ilé-iṣẹ́ Bayer ní Jámánì, àti Daniel Fox ní General Electric ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n ṣe àwárí rẹ̀ ní ọdún kan náà, 1953, láìmọ̀ nípa ara wọn. Bí ohun líle bá gbá acrylic, ó lè kán. Polycarbonate kì í kán bẹ́ẹ̀. Ó le débi pé òun ni wọ́n fi ń ṣe asà tí àwọn ọlọ́pàá ń gbé lọ sí ibi rògbòdìyàn. Ṣùgbọ́n iyanrìn díẹ̀ lásán tó láti fi ìlà sí i lára. Kò sì wúwo: bí ègé díńgí kan bá wọn kílò 5, ègé polycarbonate tí ó tóbi tó o kò ní wọn ju kílò 2 àti ààbọ̀ lọ. Nítorí náà, bí ó bá jẹ́ polycarbonate tòótọ́ ni Ìyá jókòó lé, kò lè fọ́ wẹ́wẹ́ mọ́ wọn nídìí bíi díńgí.

Ìbéèrè kejì ni ó dùn mọ́ mi jù. Ẹ bu omi sínú abọ́. Ó mọ́ gaara. Afẹ́fẹ́ pẹ̀lú kò dí ẹnikẹ́ni lójú. Ẹ wá fi ọṣẹ sí omi náà, kí ẹ fọwọ́ pò ó títí yóò fi hó. Omi àti afẹ́fẹ́ kan náà ni, pẹ̀lú ọṣẹ díẹ̀. Èéṣe tí ìfóòfó rẹ̀ fi funfun, tí ojú kò sì lè là á já? Ìdí ni pé ìmọ́lẹ̀ tí ó wọ inú rẹ̀ ń kọlu ààlà omi àti afẹ́fẹ́ ní àìmọye ìgbà, ó ń yà sọ́tùn-ún, ó ń yà sósì, kò sì jáde bí ó ṣe wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni ti àga ike funfun tí a ń yá fún ìnáwó. Polypropylene ni wọ́n fi ń ṣe é. Bí ike yìí bá ti ń tutù, apá kan lára rẹ̀ á tò létòlétò bí ebè inú oko, apá kejì á wà ní rúdurùdu, ìmọ́lẹ̀ á sì máa kọlu ààlà àwọn méjèèjì. Kí wọ́n tilẹ̀ tó fi àwọ̀ funfun sí i, ó ti ṣú bí omi ògì. Polycarbonate àti acrylic kì í tò bẹ́ẹ̀. Rúdurùdu kan náà ni wọ́n láti òkè dé ilẹ̀, kò sì sí ààlà nínú wọn tí ìmọ́lẹ̀ yóò kọlù. Ó ṣe mí ní kàyéfì pé èyí tí kò létò nínú ni ojú ń là já, tí èyí tí ó gbìyànjú láti tò sì ń dí ojú.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é jọ iṣẹ́ àwọn tí ń dà idẹ. Wọ́n á yọ́ ike náà ní ìwọ̀n ìgbóná tí ó tó nǹkan bí 300 ti Celsius, wọ́n á fi agbára tì í sínú irin tí a ti gbẹ́ inú rẹ̀ ní ìrísí àga, àga á sì jáde lódindi, láìsí ìṣó, láìsí oríkèé. Ilé-iṣẹ́ Kartell, tí Giulio Castelli dá sílẹ̀ ní Milan ní ọdún 1949, ni ó kọ́kọ́ fi polycarbonate ṣe odindi àga amọ́gaara báyìí, ní ọdún 1999. Philippe Starck, ará Faransé, ni ó ya àwòrán rẹ̀. Àwọn mìíràn ti fi acrylic gbìyànjú ṣáájú: Erwine àti Estelle Laverne ní Amẹ́ríkà ní 1957, àti Eero Aarnio ará Finland, tí ó so àga róbótó bí ẹyin kọ́ àjà ilé ní 1968.

Ní ọdún 2002 ni Starck mú ìrísí àga ààfin ti ìgbà Louis Kẹrìndínlógún, ọba Faransé tí wọ́n bẹ́ lórí ní 1793, tí ó sì fi ike dà á. Ó pè é ní Louis Ghost. Olùtumọ̀ tí ó ń kánjú yóò kọ "iwin Louis". Èmi yóò kọ àkúdàáyà. Inú igbó ni iwin ń gbé. Ṣùgbọ́n àkúdàáyà ni ẹni tí ó kú ní ìlú kan, tí a tún bá ní ìlú mìíràn tí ó ń ra, tí ó ń tà. Àga ọba tí ó kú ní Paris ni a bá ní Milan, tí a sì ń bá ẹ̀dà rẹ̀ nínú ìsọ̀ ní Ìbàdàn. (Èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ ọ̀pá tín-ín-rín, tí a ń rí lóde ìnáwó, kì í ṣe ti Starck. Ìlú Chiavari ní Ítálì ni ìrísí tirẹ̀ ti wá, níbi tí Giuseppe Gaetano Descalzi ti fi igi ṣe é ní 1807. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ni wọ́n to oríkèé rẹ̀ pọ̀ pẹ̀lú nọ́ọ̀tì. Ẹ yẹ ibẹ̀ wò kí ẹ tó jókòó.)

Nísinsìnyí, mo padà sí ọ̀rọ̀ díńgí. Ìwé ìròyìn ni ọ̀pọ̀ wa fi ń nu díńgí. Ẹ má fi nu àga yìí. Ní ìgbà ọyẹ́, eruku a máa lẹ̀ mọ́ ike, iyanrìn wẹ́wẹ́ sì wà nínú eruku. Aṣọ gbígbẹ tí a bá fi nù ún á di ohun ìfági. Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ dà lé e kí eruku ṣàn lọ, lẹ́yìn náà ni ọṣẹ àti aṣọ òwú rírọ̀. Ẹ má fi pẹtiróòlù kàn án, tàbí tínà, tàbí omi tí a fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́. Àwọn wọ̀nyí á wọ inú ike lọ, ìlà wẹ́wẹ́ bí irun á yọ sí i, ibẹ̀ ni yóò sì ti là ní ọjọ́ tí ẹni tí ó sanra bá jókòó. Oòrùn pẹ̀lú ń mú un pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Fáráńdà kì í ṣe àyè rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ yí i dà kí ẹ wo ìsàlẹ̀. Bí wọ́n bá kọ PC síbẹ̀, polycarbonate ni. PMMA ni acrylic. PS ni polystyrene, èyí tí ó yá láti kán.

Ìbéèrè kẹta kò sí nínú ìwé kẹ́míkà. Nínú èdè wa, àga ni ó fún alága lórúkọ. Ẹni tí ó ni àga ni ó ni ìpàdé. Níbi ìdána, alága ìjókòó ni obìnrin tí ń darí ètò fún ẹbí ìyàwó, alága ìdúró sì ni ti ẹbí ọkọ, nítorí pé àwọn tí a wá bá jókòó sínú ilé wọn, àwọn tí ó wá tọrọ ni ó dúró. Ìjókòó ń sọ ipò ẹni, ó sì yẹ kí ó hàn. Ara ẹni tí ó jókòó ni ó yẹ kí ó farasin sínú rẹ̀. Àga amọ́gaara yí i padà: ó fi ara rẹ̀ pamọ́, ó sì fi ìdí ẹni hàn. Ohun tí Ìyá rí nìyẹn, tí èmi tí mo ra àga kò rí.

N kò sọ pé kí a má rà á. Ọ̀dọ́ tí ń gbé yàrá kan yóò gbádùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ilé tí àgbà tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì wà, àga tí a kò rí jẹ́ ohun ìkọsẹ̀. Bí ẹsẹ̀ àga igi bá sì yẹ̀, káfíńtà yóò tún un ṣe kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Èyí tí ó bá là nínú ike yìí, n kò tíì rí ẹni tí ó tún un ṣe tí ó sì mọ́ gaara bíi ti tẹ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, Ìyá Àgbà ní kí ọmọ lọ gbé àpótí wá láti ilé ìdáná, orí rẹ̀ ni wọ́n sì jókòó lé títí wọ́n fi lọ. Kí wọ́n tó tún padà wá, mo ti ta aṣọ òfì kan bo ọ̀kan nínú àga náà láti ẹ̀yìn títí dé ibi ìjókòó. Ìyá wò ó, wọ́n fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì jókòó.

"O ti ra àga tuntun nìyẹn," ni wọ́n wí. "Èyí sàn ju díńgí ọjọ́sí lọ."

Mo ní, "Ẹ ṣeun mà."